ÒKÈ ÒṢÙPÁ NÍ ÙGÁŃDÀ: Yìnyín Ń Tán Lórí Rwenzori, Kí Ni Yóò Kù fún Àwọn Aláàárù?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òkè kan wà ní ilẹ̀ Áfíríkà yìí, lẹ́bàá ìlà tó pín ayé sí méjì, tí yìnyín sì wà lórí rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ó ṣeé ṣe kí ẹ bi í bóyá ẹmu ló mu kó tó la ẹnu. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Rwenzori ni orúkọ òkè ọ̀hún. Ó wà láàárín ilẹ̀ Ùgáńdà àti ilẹ̀ Kóńgò, ààlà orílẹ̀-èdè méjèèjì sì gba orí rẹ̀ kọjá. Òkè Òṣùpá ni àwọn ará òkèèrè ń pè é.

Ohun tó mú wa kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni pé yìnyín náà ń tán lọ. Kì í ṣe àsọdùn rárá. Ọmọ tí a bí lónìí lè dàgbà tán kó má bá ẹyọ kan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn kan sì ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè náà, Bakonzo ni orúkọ wọn, tó jẹ́ pé ẹrù àlejò tí wọ́n ń rù àti ọ̀nà tí wọ́n ń fi hàn ni wọ́n fi ń jẹun, tí àwọn bàbá wọn sì gbà pé inú yìnyín yẹn gan-an ni òrìṣà wọn ń gbé. Ọ̀rọ̀ wọn ló wà nínú ìwé yìí, àti ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń gun òkè wọn.

BÍ ÒKÈ NÁÀ TI RÍ

Ẹ má ṣe rò pé àpáta kan ṣoṣo ni, bí Olúmọ ti wà ní Abẹ́òkúta. Òkè lórí òkè ni, ó tò lọ bí ẹ̀yìn ọ̀nì, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí kìlómítà 120. Mẹ́fà nínú àwọn òkè náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí yìnyín fi wà lórí gbogbo wọn ní ayé àwọn bàbá wa. Èyí tó ga jù nínú wọn ni Òkè Stanley. Góńgó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Margherita, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 16,763. Kilimanjaro ní Tànsáníà àti Òkè Kẹ́ńyà nìkan ló ga jù ú lọ ní gbogbo Áfíríkà. Kí ẹ lè mọ bí èyí ti tó, òkè tó ga jù lọ ní Nàìjíríà tiwa, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7,936. Ẹni tó bá ń gun Rwenzori yóò ti kọjá gíga yẹn kó tó sun oorun alẹ́ àkọ́kọ́.

Iná abẹ́ ilẹ̀ ló bí Kilimanjaro àti Òkè Kẹ́ńyà. Ilẹ̀ la ẹnu, ó bi iná jáde, ohun tó bì sì tutù, ó di òkè. Ti Rwenzori kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rì, ilẹ̀ òsì rẹ̀ rì, àpáta àárín wá gbéra sókè bí ẹni tó dìde láàárín àwọn tó jókòó. Inú ilẹ̀ tó rì yẹn ni àwọn adágún ńlá bíi George, Edward àti Albert wà títí di òní.

Òjò ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ, ìkúùkù ni ó sì ń bo orí òkè náà lọ́pọ̀ ọjọ́. Èèyàn lè wà ní ìlú Kasese, tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá, kó máa ra ọjà kó máa tà, kí ọjọ́ gorí ọjọ́ kó má fojú kan góńgó náà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwọn arìnrìn-àjò Òyìnbó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

WỌ́N NÍ IYỌ̀ LÓ BÒ Ó

Ó ti tó nǹkan bí 1,800 ọdún tí ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ptolemy, tó gbé ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn òkè kan wà ní ìhà gúúsù tó ń jẹ́ Òkè Òṣùpá, àti pé yìnyín orí wọn ló ń yọ́ sínú àwọn adágún tí Odò Náílì ti ń ṣàn wá. Òun fúnra rẹ̀ kò dé ibẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn oníṣòwò ló gbọ́. (Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ rí i pé ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jẹ yín ní gbèsè.) Ọ̀pọ̀ gbà pé Rwenzori ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, àwọn mìíràn sì ń jiyàn rẹ̀. Ohun tí kò ní iyàn nínú ni pé omi Rwenzori ń dé Náílì. Ó ń ṣàn bọ́ sínú adágún George àti adágún Edward, odò Semliki a gbà á, a gbé e lọ sí adágún Albert, láti ibẹ̀ ni ó ti ń bá Náílì lọ sí Íjíbítì.

Henry Morton Stanley, ẹni tí àwọn olùkọ́ wa mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa nínú ìwé ìtàn, dé agbègbè náà ní ọdún 1876, ó sì kúrò níbẹ̀ láì rí yìnyín kankan. Ó padà wá lẹ́yìn ọdún méjìlá. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1888, ọmọdékùnrin kan tó wà pẹ̀lú rẹ̀ nawọ́ sí ọ̀kánkán, ó ní òkè kan nìyẹn tí wọ́n sọ pé iyọ̀ ló bò ó. Stanley wò ó, ó kọ́kọ́ rò pé ìkúùkù tó ń dán bíi fàdákà ni. Nígbà tó tẹjú mọ́ ọn ló tó mọ̀ pé òkè ni, àti pé yìnyín ló wà lórí rẹ̀.

Ẹ má fi ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ní agbègbè yẹn kan náà, adágún kan wà tí ń jẹ́ Katwe, tí omi rẹ̀ jẹ́ kìkì iyọ̀. Láti ayé àtijọ́ ni wọ́n ti ń wa iyọ̀ níbẹ̀, tí àwọn aláròóbọ̀ ń rù ú lọ sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n sì ń wà á títí di òní. Ohun funfun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ń dán nínú oòrùn, kí ni ẹni tí kò rí yìnyín rí ì bá tún pè é?

Ní ọdún 1889, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Stanley tí ń jẹ́ Stairs gun òkè náà kọjá ẹsẹ̀ bàtà 10,000, òtútù àti àìtó oúnjẹ sì dá a padà. Ẹni tó wá gùn ún dé òkè pátápátá ni ọmọ ọba ilẹ̀ Ítálì kan, Luigi Amedeo, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Ọba kékeré Abruzzi. Ní ọdún 1906 ni, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ló fi ẹsẹ̀ tẹ góńgó tó ga jù, ó sì fi orúkọ Margherita, ìyá ọba Ítálì, sọ ọ́. Góńgó kejì rẹ̀ ló fi sọrí Alexandra, ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ayàwòrán rẹ̀, Vittorio Sella, ya àwòrán àwọn òkè náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwòrán ọ̀hún sì wúlò lónìí ju bí ẹnikẹ́ni ti lérò lọ, nítorí nínú rẹ̀ ni a ti ń rí ibi tí yìnyín dé nígbà náà.

Ta ló ru ẹrù rẹ̀? Àwọn Bakonzo. Abẹ́ àpáta tí ń jẹ́ Bujongolo ni wọ́n pàgọ́ sí, ní ibi tí òtútù ti ń gé èèyàn lára bí ọ̀bẹ, ẹsẹ̀ lásán ni àwọn aláàárù sì fi ń rìn nínú ẹrẹ̀ yẹn. Ẹ wá ka orúkọ àwọn òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: Stanley, Speke, Baker, Emin, Gessi, Luigi di Savoia. Nínú gbogbo wọn, Luigi nìkan ló gun òkè náà dé góńgó; Speke kò tilẹ̀ dé àgbègbè rẹ̀ rí. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ orúkọ ọmọ Mukonzo. Èmi kò bínú sí ọmọ ọba náà, nítorí akin ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ru ẹrù dé orí òkè tí kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ẹ jẹ́ kí á máa rántí rẹ̀ bí a ti ń kàwé lọ.

KITASAMBA ÀTI OLÙKỌ́ TÓ DI ỌBA

Ìhà Ùgáńdà ni àwọn Bakonzo wà. Àwọn ìbátan wọn tó wà ní ìhà Kóńgò ni à ń pè ní Banande. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń gbin kọfí, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè níbi tí àwa ì bá ti bẹ̀rù láti dúró. Nzururu ni wọ́n ń pe yìnyín ní èdè wọn, láti inú ọ̀rọ̀ yìí sì ni orúkọ òkè náà ti wá. Ní ìgbàgbọ́ àwọn bàbá wọn, Kitasamba ni olúwa òkè náà, orí yìnyín ni ibùgbé rẹ̀, òun àti Nyabibuya ló sì ń ṣọ́ ìyè àti ìbímọ àwọn èèyàn. Nígbà àtijọ́, wọn kì í ṣàdédé gòkè lọ sí ibùgbé rẹ̀. Ọdẹ a máa dúró nísàlẹ̀ yìnyín.

Bí Ẹ̀gbá ti sá sábẹ́ Olúmọ nígbà ogun, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Bakonzo ti sá sínú òkè wọn, kò sì pẹ́ púpọ̀ sí ìgbà tiwa. Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ ọba Toro ni wọ́n fi wọ́n sí. Wọ́n ní wọ́n ń rẹ́ àwọn jẹ, pé ilé ìwé kò tó, iṣẹ́ ìjọba kò kàn wọ́n. Ọ̀gá nínú àwọn tó dìde ni Isaya Mukirane, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ èyí: kì í ṣe ìbọn ló kọ́kọ́ gbé. Ní nǹkan bí ọdún 1954, ẹgbẹ́ kan ni wọ́n dá sílẹ̀ láti máa wádìí ìtàn àwọn Bakonzo, kí wọ́n lè mọ ẹni tí àwọn jẹ́. Láti inú ìwádìí ìtàn ni ọ̀rọ̀ ti di ti ìjọba. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1962, kí Ùgáńdà tó gba òmìnira ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n kéde pé ilẹ̀ àwọn ti dá dúró, Rwenzururu ni orúkọ rẹ̀. Mukirane di ọba wọn nínú òkè.

Ó kú ní ọdún 1966. Ọmọ rẹ̀, Charles Wesley Mumbere, tó ṣì kéré, ló jogún ìjà náà, ọdún 1982 ni wọ́n tó kó ohun ìjà sílẹ̀. Ìjọba rán an lọ sí Amẹ́ríkà láti kàwé, níbẹ̀ ni ọmọ ọba yìí ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, tí àwọn tó ń wẹ̀ fún kò mọ ẹni tó jẹ́. Ní ọdún 2009 ìjọba Ùgáńdà gbà á gẹ́gẹ́ bí ọba. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, àwọn ọmọ ogun kọlu ààfin rẹ̀ ní Kasese, ó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ tó kú, wọ́n sì mú ọba náà. Ọdún 2023 ni wọ́n tó fi ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ gbogbo èyí kí àlejò tó bá lọ má baà rò pé òkúta àti igi nìkan ni òun ń wò.

ỌDẸ DI AMỌ̀NÀ

Ní ọdún 1991, ìjọba sọ òkè náà di ọgbà tí a kò gbọdọ̀ ti dẹdẹ tàbí gé igi. Àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 1994. Ọ̀rọ̀ dídùn ni lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ ń pa òfàfà nínú igbó náà, tí ìyá rẹ̀ ń gé oparun níbẹ̀ fi kọ́lé, kí ni yóò máa ṣe? Iṣẹ́ àlejò ni ìdáhùn tó wà. Ṣáájú ìgbà náà, ọkùnrin kan ti wà ní Ibanda tí ń jẹ́ John Matte, òun ló ń ṣètò àwọn aláàárù fún àwọn tó ń wá gun òkè. Ilé ìsinmi kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1987 ni àwọn ará ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ Rwenzori Mountaineering Services sílẹ̀, kí owó tó ń wá láti orí òkè wọn lè máa dé ọwọ́ wọn.

Ó tún dàrú. Láti ọdún 1997 títí di 2001, àwọn ọlọ̀tẹ̀ kan sá sínú òkè náà, wọ́n ń pa èèyàn, wọ́n ń jó ilé, ìjọba sì ti ọ̀nà pa. Ọdún mẹ́rin gbáko tí aláàárù kò rí ẹrù rù. Nígbà tí wọ́n ṣí i padà ni àlejò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá díẹ̀díẹ̀.

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá gòkè lọ. Amọ̀nà gbọ́dọ̀ wà níwájú, aláàárù a sì tẹ̀lé e. Wọ́n ń wọn ẹrù kí wọ́n tó gbéra. Kì í ṣe ẹrù àlejò nìkan ni aláàárù ń rù. Oúnjẹ, ìkòkò, epo ìdáná àti aṣọ ìbora tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi okùn gbé e kọ́ iwájú orí, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè di ọ̀pá mú.

ỌJỌ́ MÉJE LÓRÍ ÒKÈ

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan gba Kilembe, ìlú tí wọ́n ti ń wa bàbà nígbà kan rí. Èkejì, tó ti pẹ́ jù, bẹ̀rẹ̀ láti abúlé Nyakalengija, ọjọ́ méje ni wọ́n máa ń fi rìn ín yípo. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọjọ́ kìíní, inú oko kọfí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbà, lẹ́yìn náà igbó kìjikìji. Edun àti ìnàkí wà níbẹ̀, ọ̀gà tó ní ìwo mẹ́ta lórí wà níbẹ̀, àti irú àlùkò kan tí ìyẹ́ apá rẹ̀ pọ́n bí aṣọ àlàárì. Ilé ìsinmi Nyabitaba ni wọ́n ń sùn, ó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8,700. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ gba orí afárá kọjá níbi tí odò Bujuku ti pàdé odò Mubuku, wọ́n á wá máa gòkè láàárín oparun, lórí òkúta tó ń yọ̀ bí ilá. Lẹ́yìn oparun ni ayé yí padà. Igi ibẹ̀ lọ́ mọ́ra bí ìka arúgbó, ewédò tútù nípọn lára wọn bí tìmùtìmù, ohun kan bí irùngbọ̀n funfun sì ń gbọn lára ẹ̀ka wọn nínú ìkúùkù. Èèyàn kò ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ilé John Matte ni wọ́n ń sùn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ ẹrẹ̀. Àbàtà Bigo ni wọ́n ń pè é. Láyé àtijọ́, orí ìdì koríko kan ni èèyàn ti ń fò sí òmíràn, ẹni tó bá ta gìyọ̀ á rì dé itan. Wọ́n ti fi pákó ṣe ọ̀nà sí àwọn ibi tó burú jù báyìí, ṣùgbọ́n bàtà rọ́bà ṣì ni bàtà ibẹ̀. Ẹni tó bá gbé bàtà aláwọ olówó ńlá wá, àwọn aláàárù á kàn wò ó, wọn kò ní sọ̀rọ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí, nítorí àwọn ewéko tó wà níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Òyìnbó, ewéko kékeré tí kò tó orúnkún ni lobelia àti groundsel, wọ́n ń fa ọ̀kan tu nínú ọgbà. Lórí Rwenzori, àwọn ìbátan wọn ga ju èèyàn lọ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀sán gbígbóná, òru òtútù yìnyín, bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́, bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ ń pín ọjọ́ kan ṣoṣo láàárín ara wọn. Kí ni ewéko yóò ṣe? Lobelia a máa pa ewé rẹ̀ dé mọ́ ọ̀mùnú àárín rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a tún ṣí i bí oòrùn bá yọ. Groundsel kì í ju ewé rẹ̀ tó kú nù. Ó ń fi bo ara rẹ̀ bí ẹni tó wọ agbádá lórí agbádá. Ní òru, òfàfà a máa ké láàárín àpáta. Ti wa ń gbé orí igi; ti ibẹ̀ yẹn ti mọ òkúta lò, irun rẹ̀ sì nípọn.

Láti ilé Bujuku, tó tó ẹsẹ̀ bàtà 13,000, wọ́n á gòkè lọ sí Elena, nǹkan bí 14,900, lórí òkúta tí kò ní koríko kan lára. Níbẹ̀ ni orí ti máa ń fọ́ èèyàn, tí oúnjẹ kì í wọnú. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ń gbéra lọ sí Margherita, pẹ̀lú iná lórí fìlà, okùn ní ìbàdí, irin eléyín lábẹ́ bàtà, àti àáké lọ́wọ́. Amọ̀nà ló ń lọ síwájú, ó ń gún yìnyín wò bóyá ihò wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ìkúùkù bá gbà, ẹni tó dé orí góńgó á rí Kóńgò ní apá kan, á rí Ùgáńdà ní apá kejì. Bí kò bá gbà, funfun lásán ni yóò rí. Sísọ̀kalẹ̀ wọn gba ẹ̀bá àwọn adágún Kitandara, tó jẹ́ pé nínú gbogbo ohun tó wà lórí òkè náà, òun ni ọ̀pọ̀ ń sọ pé ó dára jù lójú, lẹ́yìn náà wọ́n á gba ojú ọ̀nà Freshfield padà sílé.

YÌNYÍN NÁÀ

Ní ọdún 1906 tí ọmọ ọba Ítálì lọ, ilẹ̀ tí yìnyín bò lórí òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó nǹkan bí kìlómítà 6.5 níbùú-lóròó. Ní ọdún 2003, kò tó kìlómítà kan mọ́. Ti Emin, ti Gessi àti ti Luigi di Savoia ti di ìtàn. Ti Speke àti ti Baker kò kù ohun kan tó ṣe é kà sí. Orí Stanley nìkan ló kù sí, òun náà sì ń fà sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ibi tí àwọn amọ̀nà ti ń rìn lórí yìnyín láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì ti di àpáta gbígbẹ, yìnyín sì ti ya kúrò lára òkúta, ó fi àlàfo sílẹ̀. Nítorí náà ọ̀nà tí bàbá fi han ọmọ kò ṣeé gbà mọ́; àwọn amọ̀nà ní láti máa wá òmíràn, kí wọ́n máa so okùn tuntun, kí wọ́n máa gbé àkàsọ̀ sí ibi tí kò ti sí tẹ́lẹ̀.

Ayé tó ń gbóná sí i ló fà á. Àwọn ọ̀mọ̀wé tún ń sọ nípa afẹ́fẹ́ tó gbẹ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n sì ń jiyàn èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ohun kan dá mi lójú: èéfín ọkọ̀ àti ti ilé iṣẹ́ ńláńlá kò ti abúlé Nyakalengija jáde.

Ṣé odò yóò gbẹ bí yìnyín bá tán? Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó wọn omi odò náà rí i pé èyí tó ń ti ara yìnyín wá kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Òjò, igbó àti àbàtà ló ń bọ́ odò. Òjò náà gan-an sì ni ó ń dẹ́rù bani: ní ọdún 2013 àti ní ọdún 2020, odò Nyamwamba kún ya bo Kilembe, ó yí àwọn òkúta tó tó yàrá wá sínú ìlú, ó sì ba ilé ìwòsàn ibẹ̀ jẹ́.

Ohun tó wà nínú ewu ní tòótọ́ ni iṣẹ́. Àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá nítorí pé yìnyín wà ní Áfíríkà, ó ń fẹ́ ya àwòrán nínú rẹ̀. Nígbà tí kò bá sí mọ́, ṣé yóò wá wo àbàtà Bigo? Ní tèmi, àbàtà náà àti àwọn ewéko rẹ̀ yani lẹ́nu ju yìnyín lọ, nítorí yìnyín pọ̀ ní ilẹ̀ Òyìnbó, ṣùgbọ́n lobelia tó ga ju èèyàn lọ kò sí níbẹ̀. Àwọn kan ní ẹsẹ̀ òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àlejò rìn fún ọjọ́ kan péré, ní abúlé Ruboni àti àyíká rẹ̀, wọ́n ń fi oko kọfí hàn wọ́n àti etí igbó. Owó rẹ̀ kò tó ti Margherita. Ti Kitasamba ńkọ́? Àwọn àgbà Bakonzo kan gbà pé bí yìnyín ṣe ń lọ yìí, inú ló ń bí i.

Ẹ̀YIN TÓ BÁ FẸ́ LỌ

Oṣù kejìlá ń parí lọ títí dé oṣù kejì, àti oṣù kẹfà títí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ni òjò dínkù. Mo ní ó dínkù, n kò ní ó dá. Láti Kampala, ọkọ̀ ń lọ sí Kasese, ìrìn ọjọ́ kan ni. Nyakalengija kò jìnnà sí ibẹ̀. Ẹ mú aṣọ òtútù, ẹ̀wù òjò, ìbọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rá dì wọ́n. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, ẹ sọ fún amọ̀nà lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe fi ṣe ọkùnrin. Kò sí oògùn kan tó dà bí kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá fi orí kunkun gòkè sí i lè bá a lọ.

Ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra iye tí owó aláàárù jẹ́ nínú owó tí ẹ san, nítorí kì í pọ̀. Lọ́jọ́ keje, bí ẹ bá padà dé ẹnu ọ̀nà, ẹ fún olúkúlùkù ní ohun tí ẹ fẹ́ fún un lọ́wọ́ ara rẹ̀, ẹ má kó o fún ẹnìkan ṣoṣo pé kó pín in. Bí bàtà rọ́bà yín bá sì ṣì dára, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.